Ìṣẹ́jú Márùn-ún Láti Ilé Epo

Títí dòní, bí òórùn epo àti ti kọfí gbígbóná bá pàdé nímú mi, ilé epo kan ní Tucker, lẹ́bàá Atlanta, ni ọkàn mi máa ń lọ. Ibẹ̀ ni èmi àti ọkọ mi ti máa ń pààrọ̀ ìjókòó láràárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Èmi ni mo máa ń wa ọkọ̀ bọ̀ láti Ellenwood, àmọ́ tó bá ti ku ìṣẹ́jú márùn-ún ká dé ṣọ́ọ̀ṣì, màá bọ́ sílẹ̀, òun á bọ́ sídìí ọkọ̀, kí àwọn ará ìjọ lè rí i pé ọkùnrin ló gbé ìyàwó rẹ̀ wá.

Má tíì rẹ́rìn-ín o. Ọkọ mi kì í ṣe ọ̀lẹ. Ní báńkì tó ti ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, dírẹ́bà ló ń gbé e. Nígbà tó dé Atlanta, permit nìkan ló ní, ìwé tó fi lè wakọ̀ bí mo bá jókòó tì í, ẹ̀rù highway ò sì jẹ́ kó lọ ṣe ìdánwò ìwakọ̀. Ó ń se ọbẹ̀, ó ń fọ aṣọ, kódà òun ló ń lọ yúnífọ́ọ̀mù nọ́ọ̀sì mi. Àmọ́ inú ilé ni gbogbo ìyẹn wà, ojú ẹnikẹ́ni ò tó o.

Ohun tí òun náà ò kà sí ni pé ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn ni mo fi ń sùn. Ẹnu shift oníwákàtí méjìlá ni mo máa ń ti bọ̀. Màá wẹ̀, màá wé gèlè, ó di ìdí ọkọ̀. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀. Bí mo bá ti gbé orí lé gíláàsì báyìí, mi ò sí láyé mọ́ títí a ó fi dé.

Lọ́jọ́ kan, ìyá kan nínú ìjọ tó wá ra kọfí ká wa mọ́ ibi tí a ti ń pààrọ̀. Ó kàn kí wa, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ojú ti ọkọ mi. Lọ́sẹ̀ kejì, bí mo ṣe fẹ́ yà sílé epo, ó ní, "Máa lọ jàre. Jẹ́ kí wọ́n rí wa. Ayé ti change." Mo wa ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Làwọn ọkùnrin bá ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́: "Uncle, ẹ lajú gan-an o!" Inú rẹ̀ dùn ṣìnkìn. Ìlàjú dé, oorun mi lọ, kò sì sẹ́ni tó kí èmi tí mo wakọ̀ kú iṣẹ́. Inú bí mi, mi ò tan ọ́.

Lọ́sẹ̀ kẹta, mo tòògbé níbi iná pupa, àwọn tó wà lẹ́yìn wa ń tẹ họ́ọ̀nù. Ọkọ mi gbá mi lápá. "Kí ló dé?"

Mo bú sẹ́kún. "Honey, mi ò fẹ́ kí wọ́n rí mi. Oorun ni mo fẹ́."

Lóṣù yẹn gan-an ló lọ ṣe road test. Wọ́n dá a padà lẹ́ẹ̀kan, ó tún lọ, ó sì yege.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbé mi láti ilé, oorun ti gbé mi lọ ká tó já sí highway. Ìgbà tí mo máa lajú, àwọn èèyàn ti ń jáde nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ mi ṣì wà níjòókòó, ó ti bọ́ kóòtù rẹ̀ bò mí. Alàgbà kan dúró lójú fèrèsé, ó ń bi í pé kí ló dé tí a ò wọlé.

"Ẹ má bínú, sà," ni ó wí. "Ó ti rẹ ìyàwó mi. Mi ò fẹ́ jí i."

Alàgbà náà kàn mi orí, ó lọ. Lójú tèmi, ọjọ́ yẹn gan-an layé yí padà nílé wa, ẹnì kankan ò sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Mo rọra tún ojú mi dì.