Ẹni Tó Pe Orúkọ Mi Lórí Àpáta

Òórùn koríko jíjóná ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọyẹ́ ti dé, kùrukùru sì bolẹ̀ débi pé láti ẹnu ọ̀nà wa, n kò rí igi ọsàn tó wà láàárín àgbàlá. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà lápá Odomẹ̀ta mọ irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀: ètè á máa bẹ́, omi àmù á máa kan ni léyín.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà, mo wà ní CE1, ìyẹn kíláàsì kẹta ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi ti kú, bàbá mi sì ti fẹ́ ìyàwó mìíràn láti Kétu. Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, àní ọmọ ọwọ́ pàápàá, nítorí náà kò pè mí ní Fọlákẹ́, ó sọ mí ní Eyínfúnjowó. Ẹ gbà mí! Èmi tí eyín iwájú mi méjèèjì ti ká! Mo ní ó ń fi mí ṣẹ̀sín ni. Odidi ọdún kan, bó bá pè mí, n kì í dá a lóhùn.

Ewúrẹ́ funfun kan ni ohun tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi. Láàárọ̀ yẹn, mo bá okùn rẹ̀ ní jíjá. Mo ní kò sẹ́ni tó lè ṣe é bí kò ṣe ìyàwó bàbá mi. Bí mo ṣe dúró síbẹ̀ ni mo gbọ́ igbe ewúrẹ́ láti ọ̀nà àpáta ẹ̀yìn oko, mo sì sáré lọ. Ẹnikẹ́ni kì í gun àpáta yẹn. Àwọn àgbà ní ó máa ń yá ohùn èèyàn lò.

Mo gùn ún. Mo ń fi ìka wá ibi tó là, mo ń fi ẹsẹ̀ tẹ ibi tó yọ, mo ń tẹ̀lé igbe náà. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, n kò rí ilẹ̀ mọ́. Igbe náà sì dákẹ́. Ibi tí mo dúró lé kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. N kò ní purọ́ fún yín, mo tọ̀ sára.

“Fọlákẹ́!” Òkè ló ti wá. “Fọlákẹ́, máa gòkè bọ̀. Mo ti mú ewúrẹ́ rẹ.” Ohùn ìyàwó bàbá mi ni, gẹ́lẹ́ bó ṣe máa ń fi imú sọ̀rọ̀. Mo ti na ọwọ́ sókè kí ohùn kan náà tó dún nísàlẹ̀: “Eyínfúnjowó! Níbo lo wà, ọkọ mi?”

Mo fa ọwọ́ sẹ́yìn. Láti ọjọ́ tí obìnrin yìí ti wọ ilé wa, kò pe Fọlákẹ́ rí, ì báà jẹ́ nígbà tí inú ń bí i. Mo bú sẹ́kún. “Ẹ gbà mí o, Màmá!” N kò pè é bẹ́ẹ̀ rí.

“Kọjú sí àpáta,” ohùn ìsàlẹ̀ ní. “Sọ ẹsẹ̀ ọ̀tún kalẹ̀. Ó kù díẹ̀. Ó kù díẹ̀ sí i. Tẹ̀ ẹ́.” N kò rí i. Lókè, ẹni yẹn ṣì ń pe Fọlákẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò kánjú. Mo sọ̀kalẹ̀ títí mo fi dé ibi tó dán, tí ẹsẹ̀ kò rí nǹkan kan tẹ̀ mọ́. “Fi ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀,” ó ní. “Màá gbá ọ mú.” Mo pa ojú dé, mo fi sílẹ̀. Àwa méjèèjì la jọ ṣubú, ìgúnpá rẹ̀ sì bó.

Mo bi í bóyá ó gbọ́ ẹni tó ń pè lókè. Ó di ọwọ́ mi mú, ó yára gbẹ́sẹ̀. Nígbà tí a délé, ewúrẹ́ mi wà lẹ́yìn ilé ìdáná, ó ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́. Ìyàwó bàbá mi ti fi okùn tuntun so ó síbẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, kí òtútù má baà pa á. Ojú tì mí débi pé n kò lè jẹun.

Mo ti lé lógójì ọdún báyìí, Kútọnu ni mò ń gbé. Bí ọkọ mi bá ní kí n gba òun gbọ́ lórí ohun kékeré, màá ní kí n kọ́kọ́ fojú ara mi rí i ná. Ọmọ ọdún mẹ́jọ yẹn kò rí nǹkan kan, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀. Mò ń jowú rẹ̀.