Ẹ̀rọ Tí Táíwò Kò Dìde Nídìí Rẹ̀

Mo ti purọ́ láyé mi, mi ò ní tìtorí àtijẹ́ ẹni rere bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Èmi ni mo sọ fún wọn ní Ìdèrè pé mo tún rédíò kan ṣe tó ń ka ìròyìn ọ̀la. Èmi náà ni mo sọ pé mo bá ejò tó ń yé ẹyin nínú tẹlifíṣọ̀n bàálẹ̀ kan. Irọ́ ni gbogbo ìyẹn, mo sì jẹun nídìí ẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi méjèèjì ló rí i, kì í sì í ṣe lóru. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ta, ewúrẹ́ ń jẹ èèpo iṣu lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ sún mọ́ mi. Mi ò fẹ́ pariwo ẹ̀.

Ayé ológun ni, nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú ní Ìgbó-Ọrà. Alájì kan gbé ọ̀kan wá láti Èkó, àlòkù tí ọwọ́ mẹ́ta ti lò, ó gbé e sí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé rẹ̀. Àwọn tíṣà ń gbé ìbéèrè ìdánwò wá síbẹ̀ kí wọ́n bá wọn tẹ̀ ẹ́, àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó ń gbé ìwé ìpè wá. Ọmọbìnrin méjì ló ń bá Alájì ṣiṣẹ́, ìbejì sì ni wọ́n. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan tuntun lọ́dọ̀ wa. Bí ẹ bá ju òkò sáàárín ọjà Ìgbó-Ọrà, bí kò bá ba Táíwò, a ba Kẹ́hìndé.

Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Kẹ́hìndé ń kà, Táíwò ń tẹ̀. Kẹ́hìndé lójú ìwé. Kí ọwọ́ tíṣà burú bí ipasẹ̀ adìẹ, yóò kà á geere. Ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ le bí igi ìdáná, kò lè tẹ orúkọ ara rẹ̀ kó má ṣì í. Táíwò ní tirẹ̀ kì í wo ìwé rárá. Yóò dijú, yóò máa tẹ ohun tí etí rẹ̀ bá ṣáà ti gbọ́. Bí iṣẹ́ bá parí, Kẹ́hìndé a ní, "Ó tó, dìde," Táíwò a sì dìde. Bí Kẹ́hìndé ò bá sọ ọ́, ilẹ̀ lè ṣú bá a níbẹ̀. Ẹ ṣáà mọ̀ pé Táíwò ló kọ́kọ́ dé ayé, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Òun ló ń rán èkejì níṣẹ́.

Lọ́jọ́ kan, ibà mú Táíwò. Ara rẹ̀ gbóná débi pé Kẹ́hìndé bẹ Alájì pé kó jẹ́ kí àwọn máa lọ sílé.

Alájì ní, "Ẹ parí ojú ìwé yìí ná. Orí ẹ̀ ló ń gbóná, kì í ṣe ọwọ́ ẹ̀."

Kẹ́hìndé bá ń kà lọ, Táíwò ń tẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, Táíwò gbé orí lé kíbọ́ọ̀dù bí ẹni tó fẹ́ rẹjú. Kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, ó ti lọ.

Mo ní ó ti lọ. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ mìíràn sí mi lẹ́nu. A kì í fi ọ̀rọ̀ ikú kan ìbejì ní ọ̀dọ̀ wa. Èkó la máa ń ní ó lọ, kí èyí tó kù má baà gbọ́ kó dìde tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá gbé ìbọn lé mi lórí, mi ò ní sọ ọ́. Bí gbogbo àdúgbò ṣe gbé e nìyẹn. Wọ́n bá ìyá wọn kẹ́dùn láìdárúkọ ohun tí wọ́n ń kẹ́dùn sí. Èmi náà lọ, mo jókòó, mo ní ọ̀nà Èkó jìn.

Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rọ Alájì ò ti kú tán mọ́. Wọn a tẹ bọ́tìnnì, ojú rẹ̀ a ṣú, ṣùgbọ́n iná wínníwínní kan níwájú rẹ̀ a ṣì máa tàn, fáànù inú rẹ̀ a máa lọ wùù, wùù, bí ẹni tó jókòó tó ń retí.

Ní ọjọ́ kẹjọ, Alájì wọlé, ó bá Kẹ́hìndé níwájú ẹ̀rọ náà. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí àga kejì. Kẹ́hìndé ń ka ìwé sókè, omijé ń bọ́ sórí ìwé náà, ọ̀rọ̀ sì ń jáde lójú ẹ̀rọ ní kíkún, láìsí àṣìṣe kan.

Ẹlòmíràn ìbá ti sá dé Ẹ̀rúwà kó tó rántí bàtà rẹ̀. Alájì fa kọ́tìnì. Ó kó gbogbo ìwé tíṣà tó wà nílẹ̀, ó kó o sí Kẹ́hìndé lẹ́sẹ̀, ó ní, "Máa kà." Ó ti rí òṣìṣẹ́ tí kì í jẹun, tí kì í rẹ̀, tí ibà ò sì lè mú mọ́. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, ẹ gbà mí gbọ́, ọkùnrin yẹn ń sanra sí i lóṣù yẹn.

Kẹ́hìndé ló ń rù.

Ìyá wọn tọ̀ mí wá. Mo ń ta ojú wáyà pọ̀ lábẹ́ àtíbàbà mi. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Bàbá Rédíò, ẹ gbà mí."

"Kí ló dé, Ìyá Ìbejì?"

"Èyí tó kù ń lọ. Kì í jẹun. Ọrùn ẹ̀ ti dà bí ọrùn agbè. Kí oòrùn tó yọ, ó ti wà níbẹ̀, tó bá sì délé, ó ní òun ṣì ń gbọ́ fáànù. Ẹ bá mi pa ẹ̀rọ yẹn kó tó mú èyí tó kù lọ."

"Alájì ńkọ́?"

"Ọ̀sán Jímọ̀, tó bá ti lọ kírun. Ṣé ẹ mọ kọ̀ǹpútà?"

Mo ní, "Èmi? Ta ló kọ́ àwọn tó ṣe é?"

Mi ò tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí láyé mi. Ìwé mẹ́rin ni mo kà.

Nígbà tí ọjọ́ Jímọ̀ pé, a wọlé. Iná ti lọ láti àárọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì tan jẹnẹrétọ̀. Ìyá fa Kẹ́hìndé lọ sẹ́yìnkùlé pé kó wá fi ẹ̀kọ panu. Ó ku èmi àti ẹ̀rọ. Wùù, wùù.

Mo tẹ bọ́tìnnì, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo ka oókan dé ogún. Fáànù ń lọ.

Mo ní ó lè jẹ́ àpótí tó ń tọ́jú iná pamọ́ fún un ni. Mo fa okùn ìyẹn yọ, mo gbé àpótí náà síta. Fáànù ń lọ.

Mo fa púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kúrò lára ògiri. Mo di orí rẹ̀ mú báyìí, bí ẹni di ejò lórí mú. Mo fi tẹ́sítà kan wáyà, kò tàn. Púlọ́ọ̀gì wà lọ́wọ́ mi, fáànù ń lọ.

Mo tú ìdè ẹ̀yìn rẹ̀. Mo rí bátìrì kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí kọ́bọ̀, mo yọ ọ́, mo sọ ọ́ sápò. Mo wá na ìka kí n fi dá fáànù náà dúró. Atẹ́gùn tó ń ti ibẹ̀ jáde gbóná. Kì í ṣe gbígbóná irin o. Ẹni tó bá ti tọ́jú ọmọ tí ibà mú rí, tí ọmọ náà mí sí i lọ́rùn, òun ló mọ irú gbígbóná yẹn. Mo fa ìka mi jáde.

Ojú ẹ̀rọ náà bá là.

Ìbéèrè ìdánwò ló wà níbẹ̀, ó dé ìdajì ọ̀rọ̀ kan, ó já. Níbi tó já sí, ìlà kékeré kan ń ṣẹ́jú, ó ń retí ìyókù.

Ẹnu mi ò gbọ́ tèmi mọ́. Mo ní, "Ta nìyẹn?"

Bọ́tìnnì kíbọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ sí í wọlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láìsí ọwọ́ lórí wọn. *Ta niyen.*

Sòkòtò mi tutù. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tí tiẹ̀ ò ní tutù.

Ó yẹ kí n sá, ṣùgbọ́n mo sún mọ́ ọn. Mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "Táíwò." Ó tẹ̀ ẹ́. *Taiwo.* Ó dúró díẹ̀. Ó wá tẹ ohun tí mi ò sọ.

*Kehinde nko.*

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ yé mi. Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ fún un. Gbogbo wa pa ẹnu mọ́, ìyá rẹ̀, ará àdúgbò, èmi náà tí mo ní ọ̀nà Èkó jìn. Lójú tirẹ̀, orí àga ló ṣì wà, iṣẹ́ ò tíì parí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kàn dákẹ́ díẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ òótọ́ kan péré ló fẹ́ kó tó dìde. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n mi. Ìyá tó bí mi bí ìbejì tẹ̀ lé mi. Mi ò lè sọ ọ́. Mo gbé e mì.

Irọ́ ló wá dípò ẹ̀, bó ṣe máa ń wá, tí yóò dùn lẹ́nu bí oyin.

Mo ní, "Kẹ́hìndé ní òun ò fẹ́ bá ọ ṣiṣẹ́ mọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ rẹ ti sú òun. Ó ní kí o máa lọ."

Ó tẹ gbogbo rẹ̀. Kò ṣi ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń lọ ni ó ń falẹ̀, ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn pẹ́ kó tó jáde.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Kẹ́hìndé ni, ẹ̀kọ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà ti kàwé fún ẹ̀rọ yẹn débi pé kò sí ìwé tí ojú rẹ̀ lè rí kí ẹnu rẹ̀ má kà á. Kó tó mọ ohun tó ń kà, ó ti ń kà á, pẹ̀lú ohùn kan ṣoṣo tí Táíwò mọ̀ láyé. "Kẹ́hìndé ní òun ò fẹ́ bá ọ ṣiṣẹ́ mọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ rẹ ti sú òun. Ó ní kí o máa..."

Ó kà á dé òpin.

Fáànù náà falẹ̀. Ó mí lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Iná iwájú rẹ̀ kú.

Kẹ́hìndé wò mí. Ó sọ ọ́ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "Bàbá, èmi ni mi ò sọ fún un pé kó dìde. Mi ò fẹ́ kó lọ ni."

Ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn tí ẹ̀dá gbọ́ lẹ́nu ẹ̀ nìyẹn.

Ìyá rẹ̀ ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó gbọ́ pé ẹ̀rọ dákẹ́, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó gbé iṣu mẹ́ta wá sílé mi lálẹ́. Mo gbà á. Mo gún un, mo jẹ ẹ́.

Alájì dé láti mọ́sálásí, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. "Ta ló fọwọ́ kan ẹ̀rọ mi?"

Mo ní, "Ó ti sinmi, Alájì."

"Ta ló ní kó sinmi?"

Ó ti púlọ́ọ̀gì rẹ̀ bọ ògiri padà, ó tan jẹnẹrétọ̀, ó gba bátìrì lápò mi. Kò tàn. Ó ranṣẹ́ pe àwọn tó mọ̀ ọ́n láti Ìbàdàn, wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n ní kò sí ohun tó ṣe é, gbogbo ara rẹ̀ le koko. Kò sì tàn títí di òní. Ó mú Kẹ́hìndé jókòó, ó fi ìwé gbá a lẹ́nu, ó ní, "Kà á." Kẹ́hìndé ya ẹnu. Ohùn kankan ò jáde. Ìyá rẹ̀ fà á lọ sílé lọ́jọ́ yẹn.

Kó tó pé oṣù kan, ó ti ń jẹun. Ọrùn rẹ̀ kún. Ọkùnrin kan láti Tápà, ìlú ìtòsí wa níbí, fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ láìfọhùn, ó sì bímọ fún un. Gbogbo ibi ni ìyá rẹ̀ ń sọ pé èmi ni mo gba ọmọ òun sílẹ̀. Mi ò bá a jiyàn.

Mo yà kí wọn lọ́jọ́ ọjà Tápà kan. Ó gbé àga fún mi, ó bu omi fún mi, ó jókòó kọjú sí mi. Ẹ mọ bí èèyàn ṣe máa ń ṣe lọ́dọ̀ ẹni tí kì í fọhùn, èmi nìkan ń sọ̀rọ̀ lọ, mo sọ ti òjò, mo sọ ti ẹ̀gẹ́ tí ọ̀yà jẹ tán lóko mi. Mo wá wo itan rẹ̀.

Ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, tó le bí igi ìdáná tẹ́lẹ̀, ń tẹ̀ lọ geere lórí ìró rẹ̀. Ó dijú. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọn a sáré. Bí mo bá dúró, wọn a dúró dè mí.

Mo dákẹ́ pátápátá. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ìka náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ fúnra wọn. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Mo gbàgbé fìlà mi síbẹ̀, mi ò sì padà lọ mú un.

Ìyá wọn ṣì wà láyé. Bó bá rí mi, a gbọ́wọ́ sókè, a ní òun dúpẹ́ pé ọ̀kan kù. Mi ò tíì bi í pé èwo.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀rọ nílé, bó bá kọ̀ tí kò kú tán, ẹ wo wáyà rẹ̀, ẹ wo bátìrì rẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá dára, ẹ bèèrè ẹni tó jókòó síbẹ̀ kẹ́yìn, kí ẹ wá ẹni tó lè sọ òótọ́ fún un. Ẹ má pe irú mi. Bí ọ̀nà bá sì gbé yín dé Tápà, tí obìnrin kan tí kì í fọhùn bu omi fún yín, ẹ mu omi náà, kí ẹ sì máa lọ. Ohunkóhun tí ẹ bá sọ níwájú rẹ̀, yóò gbà á gbọ́.