Ilẹ̀kùn Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta

Ní ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tí Bàbá Íǹṣì fi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ wa, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ò padà wá nítorí ìwọ̀n. Ilẹ̀kùn là ń ṣe: ti ilé, ti ilé ìwé, ti ilé ìwòsàn. Òun ló máa ń lọ wọn ojú ògiri tí ilẹ̀kùn máa wọ̀, òun ló ń kọ ìwọ̀n sílẹ̀, èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà kó tó lọ bá àwọn káfíńtà. Nígbà tí ìtàn yìí bẹ̀rẹ̀, oṣù mẹ́rin ló kù kó fẹ̀yìn tì. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́, ó sì ti sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́: kó lọ kí ilẹ̀kùn kankan má tíì padà wá.

Kò lọ bẹ́ẹ̀. Mo mọ ìdí rẹ̀, nítorí mo wà lára ìdí náà.

Káfíńtà ló jẹ́ nígbà tó kọ́kọ́ dé. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń la pákó gé orí ìka rẹ̀ kan ní ọdún kẹta. Wọ́n gbé e kúrò nídìí ẹ̀rọ, wọ́n ní kó máa bá akọ̀wé di orí tépù mú. Ó fi ojú ara rẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka àwòrán ilé, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ní ọdún kọkànlá, wọ́n fún un ní yàrá. Gígùn yàrá náà jẹ́ íǹṣì ọgọ́fà, ìbú rẹ̀ íǹṣì mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Fèrèsé wà ní ọwọ́ òsì, kí òjìji ọwọ́ rẹ̀ má baà bo ohun tó ń kọ. Òun fúnra rẹ̀ ló kan tábìlì, òun ló kan ilẹ̀kùn.

Ìgbéraga wà nínú yàrá yẹn dáadáa, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà la ti ń sọ òótọ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi, mo tẹ ilẹ̀kùn tó yẹ kó ṣí sí òsì pé kó ṣí sí ọ̀tún. Ó pè mí.

"Ti ilẹ̀kùn."

Mo tì í.

"Alákọ̀wé, ní yunifásítì tó o lọ, ṣé wọ́n sọ fún yín pé ọwọ́ òsì wà láyé?"

Ogún ìṣẹ́jú ló fi bó mi láwọ. Nígbà tí a jáde, ó gbá mi lẹ́yìn lójú gbogbo èèyàn, ó ní, "Ọmọ yìí ń gbìyànjú." Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń ṣe fún òun. Ẹ̀gbọ́n Pákó, ọkùnrin tó ń ṣírò iye igi tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa gbà, á kan ilẹ̀kùn, á wọlé, á tì í. Á ní, "Sà, ẹ bá mi wo ibí yìí, ó dà bíi pé ojú mi ò ríran mọ́." Bàbá Íǹṣì á wò ó. Á fi rọ́bà pa á rẹ́, á kọ òmíràn. "Lọ ra awò," ni á sọ. Ẹ̀gbọ́n Pákó á jáde bí ẹni tí wọ́n bá wí. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀kùn kankan ò fi padà wá. Kì í ṣe pé Bàbá Íǹṣì kì í ṣe àṣìṣe.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ta ilé iṣẹ́ fún àwọn kan láti orílẹ̀-èdè mìíràn. Sátidé kan péré ni wọ́n fi wó gbogbo ògiri. Nígbà tí a dé ní Mọ́ńdè, a bá gbọ̀ngàn kan, tábìlì gígùn mẹ́fà, àti àga méjìlélógún tí kò jẹ́ ti ẹnì kankan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń mú èyí tó wù ú. Àwa tí à ń fi ilẹ̀kùn jẹun, ilẹ̀kùn tó kù nínú ọ́fíìsì wa ò ju ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ.

Ọ̀gá tuntun jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ó gbé ìdí lé etí tábìlì, ó ṣàlàyé. Ó ní ní ìlú àwọn, ọ̀gá àgbà máa ń jókòó ti ẹni tó ń gbálẹ̀. Ó ní ọmọ ogún ọdún lè sọ fún ẹni ọgọ́ta ọdún pé ibí yìí ò dára, ẹni ọgọ́ta ọdún á dúpẹ́, wọ́n á sì jọ lọ mu tíì. Kò parọ́. Mo ti kà nípa wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé. Wọ́n ti kọ́ ẹnu wọn fún ìran mẹ́ta kí wọ́n tó wó ògiri wọn. Wọ́n kó tábìlì ránṣẹ́ sí wa. Ẹnu yẹn kò sí nínú páálí.

"Ṣé ó yé yín?" ó bi wá.

"Ó yé wa, sà," ni gbogbo wa dáhùn, àwọn tó jókòó sì dìde.

"Ẹ má pè mí ní sà mọ́."

"Ó dáa, sà."

Láti ọjọ́ yẹn, ìdí Bàbá Íǹṣì ò gbé ibì kan mọ́. Ó kó tépù, pẹ́ńsù, rọ́bà àti rúlà ńlá rẹ̀ sínú àpò ọ̀rá kan, ó ń gbé e kiri. Bó bá wọlé láàárọ̀, èèyàn mẹ́ta á dìde lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ jókòó síbí, sà."

"Rárá, jókòó."

"Sà, ẹ jọ̀ọ́."

Kó má baà gba ti ẹnì kan kó já àwọn méjì yòókù kulẹ̀, á lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá láti ọwọ́ ọ̀tún, tí òjìji ọwọ́ rẹ̀ á bo ìwé. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, á dìde. Á lọ sídìí fèrèsé. Á tún dìde. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti jókòó sórí àga mẹ́rin. Ìyá Kọ́kọ́rọ́, obìnrin tó ń ṣọ́ sítọ́ọ̀, kò lè pa á mọ́ra.

"Bàbá, ṣé àga ń gún yín ni?"

"Ojú yín ló ń gún mi, kì í ṣe àga."

Ọ̀gá tuntun náà á kọjá, á gbé ọwọ́ lé e léjìká, á pe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ní gbangba, láìfi nǹkankan sí i, á bi í pé báwo ni. Gbogbo ìka á dúró lórí kọ̀ǹpútà. Bàbá Íǹṣì á ní dáadáa ni. Lọ́jọ́ kan, pẹ́ńsù ṣẹ́ sí i lọ́wọ́ níbi tó ti ń sọ pé dáadáa ni.

Oṣù kejì ni iṣẹ́ ilé ìwòsàn dé: ilẹ̀kùn mẹ́rìnlélọ́gọ́ta tí wọ́n á máa ti bẹ́ẹ̀dì aláìsàn gbà kọjá. Ọjọ́ mẹ́ta ni Bàbá Íǹṣì fi wọ̀n ọ́n. Nínú ìwé kékeré àpò rẹ̀, ó kọ 48 síbi ìbú gbogbo wọn, ó sì tọ̀nà. Ìgbà tó ń dà á kọ sínú ìwé ńlá, tó ń ti orí àga kan bọ́ sí òmíràn, ló kọ 38.

Ìwé náà dé ọwọ́ mi ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Ilẹ̀kùn íǹṣì 38 ti há jù fún bẹ́ẹ̀dì aláìsàn, gbogbo ẹni tó ń ṣe ilẹ̀kùn ló mọ̀. Ẹ̀gbọ́n Pákó ti rí i ṣáájú mi; ó ti fi pẹ́ńsù fa àmì tíńtín kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ náà ti rí i, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń gba kọ́kọ́rọ́ àti irin ilẹ̀kùn. Mo sún mọ́ Ẹ̀gbọ́n Pákó.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wọn sọ ọ́."

"Níbo?" Ó ń wo àjà. "Níbo ni kí n ti sọ ọ́? Kí n dìde láàárín ogún èèyàn kí n ní Bàbá ò mọ ìwọ̀n mọ́? Ìwọ lọ sọ ọ́, ìwọ lo lọ yunifásítì."

Mo lọ. Orí àga kẹta ló wà nígbà yẹn. Ọ̀gá tuntun jókòó ní ìwọ̀n àga méjì sí i.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé ọ̀dẹ̀dẹ̀."

Ó wò mí. Ó wo gbogbo orí tó ti yí sí wa.

"Kí ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀? Sọ ọ́ níbí. Wọ́n ní kò sí àṣírí mọ́."

"Kò sí nǹkankan, sà. Mo ní kí n kí yín ni."

"O ti kí mi láàárọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Mo padà sórí àga mi, mo tẹ 38. Ilé Bàbá Íǹṣì ò ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú lọ. Mo lè lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo lè lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń la igi. Mi ò lọ. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó ń kọjá ń dín àṣìṣe tirẹ̀ kù, ó ń fi kún tèmi.

Àwọn òṣìṣẹ́ gbé férémù àkọ́kọ́ sí ojú ògiri ní ilé ìwòsàn. Ó fi íǹṣì mẹ́wàá kéré. Nọ́ọ̀sì kan dúró, ó wò ó, ó ní, "Ṣé kí aláìsàn máa fi ẹ̀gbẹ́ wọlé ni?" Ọkọ̀ mẹ́ta ló kó gbogbo rẹ̀ padà wá lọ́sàn-án gangan. Wọ́n tò wọ́n sẹ́nu géètì, níbi tí gbogbo wa ń gbà wọlé.

Ọ̀gá tuntun ò pariwo. Ó pe gbogbo wa jọ. Ó ní àṣìṣe kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ibi tó ti wọlé ni òun fẹ́ mọ̀. Ó gbé ìwé sókè, ó nàka sí 38, ó pe orúkọ Bàbá Íǹṣì. Ní ìlú tiwọn, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn, tíì ò ní tíì tutù. Níbí, ogún èèyàn ń wo bàtà ara wọn.

Bàbá Íǹṣì dìde. "Èmi ni mo kọ ọ́. Ọwọ́ mi nìyẹn." Ó gba ìwé, ó sún un mọ́ ojú. Ó rí àmì pẹ́ńsù náà.

"Ta ló fi nǹkan yìí síbí?"

Ó yí ojú ìwé náà sí wa.

"Mo ní, ta ló rí i?"

Ẹ̀gbọ́n Pákó nawọ́, kò ga ju èjìká lọ. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ nawọ́. Mo nawọ́.

Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," ó ní. "Ẹ rí i, ẹ sì ń kí mi káàárọ̀."

Omi ti bọ́ lójú Ìyá Kọ́kọ́rọ́. "Bàbá, ọ̀wọ̀ la bù fún yín."

"Ọ̀wọ̀? Ẹ gbà á padà."

Ọ̀gá tuntun ní kò sẹ́ni tí òun máa lé. Ó ní bó bá jẹ́ yàrá la fẹ́, a máa kọ́ kékeré kan sí igun, fún irú ọ̀rọ̀ báyìí, a ó sì lo ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn tó padà wá. Ó ní kí Bàbá Íǹṣì wọ̀n ọ́n.

Bàbá Íǹṣì mú tépù. Ibi tí yàrá rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀ ló lọ. Ipa ògiri tí wọ́n wó ṣì hàn lórí ilẹ̀. Ó wọ̀n ọ́n, ó kọ ọ́, ó gbé ìwé náà síwájú mi, ó dúró.

"Kà á sókè, Alákọ̀wé."

Ìbú ilẹ̀kùn, 38. Àyè tó fi sílẹ̀ fún un nínú ògiri, 36. Mo gbé ojú sókè.

"Kò tọ̀nà, sà."

"Gbé ohùn sókè."

"Ẹ ṣe àṣìṣe, sà. Ilẹ̀kùn ò ní wọlé."

"Mo mọ̀," ó ní.

Ó fi pẹ́ńsù lé orí ìwé náà, ó gbé àpò ọ̀rá rẹ̀, ó jáde. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló kù kó pé. Kò padà.

Wọ́n kọ́ yàrá náà. Gíláàsì ni ògiri rẹ̀, nítorí Ọ̀gá ní ìmọ́lẹ̀ ò gbọ́dọ̀ dínkù. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn á mọ̀ pé ó ti bà á jẹ́ níbì kan. Kò sẹ́ni tó ń wọ ibẹ̀.

Ó gbàgbé rúlà ńlá rẹ̀ sórí tábìlì. Èmi ni wọ́n rán pé kí n gbé e lọ sílé. Ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó ní láti bí oṣù mẹ́ta ni ọkọ òun ti ń gbé abọ́ oúnjẹ kiri ilé, láti orí àga yìí sí orí tọ̀hún, tí òun ń ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jókòó ná, òòyì ti ń kọ́ mi." Ó ní òní ni àkọ́kọ́ tó jókòó sójú kan. Ó ti sùn lọ sórí àga níbẹ̀.

"Ṣé kí n jí wọn fún ẹ? Ṣé o ní ọ̀rọ̀ tó o fẹ́ bá wọn sọ?"

Mo ní rárá, Màmá. Mo ní kí wọ́n sáà bá mi kí Bàbá.

"O ṣeun, ọmọ mi," ó ní. "Gbogbo yín lẹ mọ èèyàn kí."