Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Gbé Mi Jáde ní Màpó

Nígbà tí mo ṣì kéré, kò sí ọmọkùnrin kan ní agboolé wa ní Bẹyẹrunka tí kì í jìjàkadì. Ará Ọ̀fà ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ìjàkadì, wọ́n ní orò ilé wọn ni, a ò sì bá wọn dù ú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gba iwájú ilé wa kọjá lẹ́yìn ìrun àsárì, nígbà tí wọ́n bá ti dá wa sílẹ̀ nílé kéwú, ẹ ó rí ọmọ mẹ́fà tàbí méje tí wọ́n ń bá ara wọn wọ̀yá ìjà nínú iyẹ̀pẹ̀ pupa. Àwọn àgbà á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n á máa wò wá, wọ́n á máa bú ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá dúró. Kì í ṣe ìjà ìbínú o, ẹ̀yin ọmọ mi. Bí a bá jà tán, inú abọ́ kan náà la ti ń jẹun.

Alápatà ni bàbá mi. Ọjà'ba ni ìsọ̀ ẹran rẹ̀ wà. Nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, kò sí ẹni tó fi ẹ̀yìn rẹ̀ kan ilẹ̀ rí láti Òjé títí dé Bẹẹrẹ. Òun kọ́ ló sọ ọ́ fún mi, nítorí kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn tó bá a jà ló ń sọ ọ́, wọ́n á sì máa fọwọ́ pa ìbàdí bí ẹni pé ó ṣì ń dùn wọ́n.

Àṣà kan wà ní agboolé wa tí mi ò rí níbòmíràn. Bí ọmọ wa bá gbé ẹnìkan ṣubú, tí ẹ̀yìn onítọ̀hún sì kan ilẹ̀, ọmọ náà kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde nínú agbo. Wọ́n ní ẹni tó bá ń tẹ ibi tí ẹ̀yìn ẹlòmíràn ti kàn, ẹ̀sín ló ń fi í ṣe, ẹ̀sín a sì máa mọ ọ̀nà ilé ẹni tó ṣe é. Nítorí náà, bàbá ọmọ ni yóò wọlé lọ gbé e léjìká jáde. Àwọn ìyá á tẹ́ ìborùn sílẹ̀ fún un láti rìn lé. Bàbá mi kì í ṣe irú ẹni tí í fọwọ́ pa ọmọ lórí, kò sì sọ fún wa rí pé a ṣe dáadáa. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ọmọ rẹ̀ fi lè dé èjìká rẹ̀ nìyẹn. Ẹ ò wá rí i pé ó yẹ kí n mọ ìjà í jà.

Mo wọ girama, mo bá ìjàkadì níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ti wọn yàtọ̀. Tíṣà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ló ń kọ́ wa. Kì í ṣe inú iyẹ̀pẹ̀ la ti ń jà, orí nǹkan rọ̀bọ̀tọ̀ kan bíi tìmùtìmù ńlá ni, máàtì ni wọ́n ń pè é. Wọ́n wọ̀ wá ní aṣọ pupa kan tó lẹ̀ mọ́ ara pinpin. Ọjọ́ tí ìyá mi kọ́kọ́ rí i lórí okùn tí mo sá a sí, ó bi mí bóyá owó aṣọ ló tán lọ́wọ́ ìjọba ni.

Òfin wọn gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Ní ti ilé ìwé, ẹ̀yìn kíkan ilẹ̀ nìkan kò parí ìjà. Èjìká méjèèjì ni yóò balẹ̀, ẹ ó sì dì í mọ́lẹ̀ títí rẹfirí yóò fi fọwọ́ lu máàtì. Bí èjìká kan bá ṣì wà lókè, máàkì lásán lẹ gbà, ìjà ń lọ. Bí ará ìta bá sì wọlé tó fọwọ́ kan oníjà rẹ̀, oníjà náà ti pàdánù nìyẹn.

Nígbà tí mo borí nínú ìdíje ìlú Ìbàdàn, tó kù kí a lọ fún ti gbogbo ìpínlẹ̀, mo ṣàlàyé òfin wọ̀nyí fún bàbá mi ní ìsọ̀ rẹ̀. Ọ̀bẹ ló ń pọ́n.

Ó ní, “Ẹ̀yìn rẹ̀ kan ilẹ̀, ìjà ò sì tíì parí?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Òfin wọn ni.”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀yìn ni ẹ̀yìn. Ṣé èyí tó ti kan ilẹ̀ lè lóun ò kàn án mọ́ ni? Máa lọ, a ti gbọ́.”

Mo rò pé ó gbọ́ lóòótọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìdíje yẹn jẹ́ fún un. Àwọn alápatà ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ọmọ wọn sídìí ọ̀bẹ tipẹ́. Wọ́n ń bi í pé kí ló ń fi mí ṣe nílé ìwé, pé ṣé ìwé ni wọ́n á fi gé ẹran ni. Kì í dá wọn lóhùn. Nígbà tí ó wá di pé wọ́n ní bí mo bá borí nínú ti ìpínlẹ̀, èmi ni yóò ṣojú Ọ̀yọ́ níwájú gbogbo Nàìjíríà, ó rí èsì fún wọn. Ó ní kí gbogbo wọn wá wo ọmọ òun. Ó ti ìsọ̀ lọ́jọ́ náà, ohun tí kì í ṣe àfi bí wọ́n bá ń sìnkú.

Inú gbọ̀ngàn Màpó ni wọ́n tẹ́ máàtì sí. Nígbà náà, àwọn ará Ọ̀ṣun ṣì wà pẹ̀lú wa nínú ìpínlẹ̀ kan náà, nítorí náà ọmọ ilé ìwé ti ibi gbogbo wá. Mo rí ìjà lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ kan wá láti Òkè-Ògùn, ó tín-ín-rín débi pé a rò pé ó wá gbé omi fún ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Ó dojú kọ akọ ọmọ kan tí irùngbọ̀n ti hù lágbọ̀n. Ọmọ tín-ín-rín yìí kò bá a fa agbára rárá. Bí ìyẹn bá tì í, á tẹ̀ lé e. Bí ó bá fà á, á bá a lọ, títí onírùngbọ̀n fi fi agbára ara rẹ̀ ṣubú. Àwọn alápatà dìde pàtẹ́wọ́ fún un. Bàbá mi nìkan ló jókòó, ojú rẹ̀ wà lára mi.

Ìjà tèmi ló gbẹ̀yìn. Ọmọ Ọ̀ṣun kan ni mo bá jà, ọlọ́wọ́ òsì ni, ó sì mọ iṣẹ́. Ó fi ẹsẹ̀ kọ́ mi, mo ṣubú lórí orúnkún, ó gba máàkì. Mo dìde, ó tún kọ́ mi. Mo gbọ́ ohùn ìyá mi lókè, ó ń pe oríkì mi, ara mi sì gbóná. Nígbà tí àkókò fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ọmọ náà na ọwọ́ òsì rẹ̀ jù, mo wọ abẹ́ apá rẹ̀, mo fi ìbàdí gbé e bí bàbá mi ti kọ́ mi. Ẹ̀yìn rẹ̀ lu máàtì gbì. Mo sùn lé e. Èjìká ọ̀tún ti balẹ̀. Ti òsì ló kù, ó sì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Rẹfirí ti dojú bolẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ti gbé ọwọ́ sókè.

Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ẹnìkan ki ọwọ́ sí mi lábíyá. Òórùn ẹran ni mo fi mọ̀ ọ́n.

Bàbá mi hú mi kúrò lórí ọmọ yẹn, ó gbé mi lé èjìká. Àwọn ìyá ti ń sáré bọ̀, wọ́n ń tẹ́ ìborùn sórí máàtì. Àwọn alápatà ń hó. Rẹfirí ń fọn fèrè, ó ń fọn ọ́n, wọ́n sì rò pé ó ń bá wọn yọ̀ ni. Mo ní, “Bàbá, ẹ sọ̀ mí kalẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ mí kalẹ̀.” Kò gbọ́. Ó ń rìn lórí ìborùn, ó gbé orí sókè. Láti òkè tí mo wà, mo rí gbogbo ojú tó wà nínú gbọ̀ngàn náà, mo rí tíṣà wa tó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Lẹ́yìn náà ẹnìkan rẹ́rìn-ín lápá ibi tí àwọn ọmọ Ọ̀ṣun jókòó sí. Ẹ̀rín náà ràn, ó di ti gbogbo gbọ̀ngàn. Ìtìjú bò mí níbẹ̀, nínú aṣọ pupa tó lẹ̀ mọ́ra yẹn, lórí èjìká bàbá mi.

Rẹfirí wá dúró níwájú rẹ̀. Ó ní, “Ẹ má bínú, bàbá. Ìjà ò tíì parí.”

Bàbá mi ní, “Ṣé ẹ̀yìn rẹ̀ ò kan ilẹ̀ ni?”

“Ó kàn án, sà. Èjìká kan ló kù.”

“Ta ló wá borí?”

Rẹfirí yíjú padà. Ó wo àwọn àgbà tíṣà tó wà nídìí tábìlì, wọ́n sì mi orí. Bàbá mi sọ̀ mí kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí àwọn ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n ń ká ìborùn wọn nílẹ̀, ó rí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ariwo ti kú mọ́ wọn lẹ́nu. Ẹ̀yin ọmọ mi, bàbá mi yìí, tí ẹnikẹ́ni kò dá rí, ó ká agbádá rẹ̀ sápá kan, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí máàtì fún ọmọdékùnrin rẹfirí yẹn. Ó ní kí wọ́n má fi ti òun jẹ ọmọ òun níyà, pé òun ni òun ò mọ̀.

Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ọjọ́ yẹn ni mo mọ ohun tí àwọn àgbà ń sọ. Rẹfirí fúnra rẹ̀ kúnlẹ̀, ó ń fa bàbá mi lápá pé kí ó dìde, omi sì wà lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ni òfin. Wọ́n gbé ọwọ́ ọmọ Ọ̀ṣun sókè. Ọmọ náà kò lè wo ojú mi. Nígbà tí wọ́n jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀, ó wá dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi, ó ní, “Ẹ má bínú, bàbá,” ó sì sá lọ bá àwọn ènìyàn rẹ̀.

Kọ̀rọ̀ la gbà délé. Ní Ọjà'ba, ọ̀rọ̀ náà di àwàdà. Bí bàbá mi bá fẹ́ gbé itan ẹran kúrò lórí pákó, ẹnìkan á ní, “Fara balẹ̀ o, wọn ò tíì lu máàtì.” Òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo mọ ẹ̀rín rẹ̀, mo mọ̀ pé ẹ̀rín kọ́ nìyẹn. Ní agboolé wa, kò sí ẹni tó pa àṣà gbígbé jáde rẹ́ o, kàkà bẹ́ẹ̀, ńṣe ni àwọn bàbá ń lọ́ra. Ọmọ á dá ẹnìkejì, á dúró, á máa wo àwọn àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n á sì máa wo ara wọn.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo tún dé ìdíje ìpínlẹ̀. Ìlú mìíràn ni wọ́n ti ṣe é. Mo bi bàbá mi bóyá yóò wá, ó ní ta ni yóò dúró ti ìsọ̀. Mo borí. Mo di ọmọ tí mo bá jà mọ́lẹ̀ títí rẹfirí fi lu máàtì, ó gbé ọwọ́ mi sókè, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó ku kí n jáde, mo sì dúró lójú kan, tó bẹ́ẹ̀ tí tíṣà wa fi pariwo pé kí ni mò ń dúró dè. Mo fi ẹsẹ̀ ara mi rìn kúrò.

Mo dé Ọjà'ba nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì pẹ̀lú ife-ẹ̀yẹ lọ́wọ́. Bàbá mi gbà á, ó yí i po, ó gbé e sórí pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí. Ó ní, “Ta ló gbé ọ jáde?”

Mo ní, “Èmi nìkan ni mo rìn, bàbá.”

Ó mú ọ̀bẹ, ó kọjú sí ẹran tó ń gé. Ojú tì mí ju ti Màpó lọ, èmi tí mo borí.

Bàbá mi ti kú tipẹ́, ìgbà sì ti yí. Iwájú ilé wa ti di ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, ọmọ kankan kì í jà níbẹ̀ mọ́. Àwọn òbí ìsinsìnyí mọ òfin ju rẹfirí lọ, wọ́n sì ń pa á mọ́, ó dára bẹ́ẹ̀. Láìpẹ́ yìí, ọmọ ọmọ mi jà nílé ìwé wọn. Wọ́n fi ẹfun fa ìlà sílẹ̀, wọ́n ní kí òbí kankan má kọjá rẹ̀. Ọmọ náà dá ẹnìkejì rẹ̀, wọ́n lu máàtì, wọ́n fọn fèrè, ìjà parí pátápátá. Ó wá wo ọ̀dọ̀ wa. Bàbá rẹ̀ gbé fóònù sókè, ó ń yà á. Èmi náà pàtẹ́wọ́ láti ẹ̀yìn ìlà tí wọ́n ní kí n dúró sí, ọmọ náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde, ojú sì tì mí.