Aago Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fi Sílẹ̀ Láìgba Ìfọwọ́sí

Ẹfọwọ́síi ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n mi níbi iṣẹ́. Awakọ̀ ni. Ẹrù tí àwọn èèyàn bá rà, tàbí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wọn, òun ló ń gbé e dé ẹnu ọ̀nà wọn. Tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, kì í tíì kí wọn tán tí á ti na ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ rẹ̀ sí wọn: "Ẹ fọwọ́ sí i, ẹ jọ̀ọ́." Ìka ni wọ́n ń fi kọ orúkọ sójú ẹ̀rọ náà. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan pariwo láti balùwẹ̀ pé kó gbé ẹrù òun sílẹ̀, kó máa lọ. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àtẹ̀gùn títí obìnrin náà fi wẹ̀ tán. Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní lọ́jọ́ tí ìyàwó rẹ̀ bá bímọ, ọmọ náà ní láti fọwọ́ sí i kí bàbá rẹ̀ tó gbé e.

Kò tíì níyàwó. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni. Èmi, òun àti ìyá wa la jọ ń gbé yàrá méjì. Ó máa ń ka àtẹ̀gùn gbogbo ilé tó bá gùn. Tó bá wọlé, á ní, "Òní, ẹgbẹ̀rin." A ti mọ̀ nìyẹn pé kò ní sọ̀rọ̀ mọ́ títí á fi jẹun.

Nígbà tí wọ́n wá sọ pé ó fi aago wúrà sílẹ̀ nílé onílé láìgba ìfọwọ́sí, tí aago sì pòórá, mi ò gbà. Nígbà tó yá, mo gbà díẹ̀. Díẹ̀ yẹn ló ń dùn mí títí dòní.

Òfin ibùdó ẹrù wọn kò ṣòro. Ẹrù tí wọ́n bá lẹ ìwé pupa mọ́, iyebíye ni. Kí onílé fọwọ́ sí i, àbí kí awakọ̀ gbé e padà. Kò sí "ṣùgbọ́n" níbẹ̀. Ẹrù yòówù kó jẹ́, kí awakọ̀ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀kùn ilé náà.

Aago olóògbé ọkọ ìyá arúgbó kan ni aago yìí. Wọ́n gbé e lọ fún àtúnṣe, ó ń padà bọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ọmọbìnrin ìyá náà fóònù ibùdó, ó ní àwọn ò rí aago.

Ọ̀gá ibùdó pe ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun gbé e dé inú ilé. Wọ́n ní ta ló gbà á, ó ní ìyá ni. Wọ́n ní ibo ló gbé e sí. Ó ní òun ti ṣèlérí fún ìyá náà pé ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu òun, kí wọ́n bi ìyá fúnra rẹ̀. Ọ̀gá fóònù ilé náà. Ọmọbìnrin ìyá ló gbé fóònù náà. Ọmọ ní kò sí nǹkan kan tó dé. Ìyá ni ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n bi, ọmọ ni wọ́n bi. Wọ́n kọ lẹ́tà fún un, wọ́n sì kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ dé àdúgbò yẹn.

Èmi náà bi í nílé. Mo ní, "Ìlérí wo lẹ ṣe fún ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí?"

Ó ní, "Àbúrò, jẹ́ kí n jẹun."

Ara fu mí. Ẹni tí kò jí nǹkan, kí ló ń fi pamọ́? Bí mo ṣe rò ó nìyẹn.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án tí wọ́n kọ lẹ́tà náà, tírélà kan tí bíréèkì rẹ̀ já gbá ọkọ̀ rẹ̀ ní oríta ní àárọ̀. Kò dé ilé ìwòsàn. Kí a tó sin ín, mo tú gbogbo ẹrù rẹ̀. Mo tú àpò aṣọ, mo gbé tìmùtìmù, mo ki ọwọ́ bọ inú bàtà. Aago ni mò ń wá. Mi ò rí i.

Níbi ìsìnkú, awakọ̀ méjì dúró lẹ́yìn wa. Ọ̀kan ní, "Ẹ̀rí-ọkàn ló wa ọkọ̀ yẹn, kì í ṣe òun." Ìyá mi gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń bi mí. Tí mo bá ń jáde, tí mo bá ń wọlé: "Ṣé ọmọ mi jalè?" Mo ní rárá, mà. Á máa wo ẹnu mi bí ẹni tó ń wo ẹyin bóyá ó ti bàjẹ́.

Ibùdó kó àwọn nǹkan rẹ̀ ránṣẹ́ nínú ọ̀rá kan. Fìlà, ìbọ̀wọ́, ìkòkò tíì onídèérí, àti àpò ìwé kan. Mi ò ṣí àpò ìwé yẹn fún oṣù méjì. Mo mọ̀ pé lẹ́tà yẹn ló wà nínú rẹ̀. Mo fi sábẹ́ àpótí irinṣẹ́ mi.

Káfíńtà ni mí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Tí mo bá ń kàwé, ìka mi ló ń ṣáájú ojú mi. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, ìyá mi sùn, mo ṣí i. Mo ka lẹ́tà náà títí orí fi fọ́ mi. Fọ́tò kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Páálí kékeré kan wà lórí àpótí ìjókòó, ìwé pupa lára rẹ̀, ilẹ̀kùn lẹ́yìn rẹ̀.

Gbogbo àwọn tó wo fọ́tò yẹn ní ibùdó, páálí ni wọ́n wò. Èmi, ilẹ̀kùn ni mò ń ṣe jẹun. Ṣéènì kan rọ̀ lára ilẹ̀kùn náà. Ojú kan nínú ṣéènì ti já, wọ́n fi wáyà so ó. Ìdábùú irin wà lókè rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń kan ṣéènì sí ìta ilẹ̀kùn. Inú ilé ni wọ́n ti ya fọ́tò yẹn.

Páálí wọlé, nígbà náà. Ẹnì kan nínú ilé yẹn ló ń purọ́.

Àdírẹ́sì wà nínú lẹ́tà. Ní ọjọ́ Ajé mo gbé àpótí irinṣẹ́ mi, mo lọ. Àjà kẹta ni. Mi ò rò pé n óò sọ ẹni tí mo jẹ́. Ọmọbìnrin ìyá ló ṣílẹ̀kùn, ó fi ṣéènì kọ́ ọ, ó ń yọjú. Mo rí wáyà lára ṣéènì náà.

Ó ní ta ló rán mi. Mo ní ilẹ̀kùn ni mò ń tún ṣe. Ó ní àwọn ò pe káfíńtà.

Mo ní, "Ẹ̀yin kọ́ lẹ pè mí, mà. Ilẹ̀kùn yín ni. Mo gbọ́ bó ṣe ń ha ilẹ̀ láti ìsàlẹ̀."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ilẹ̀kùn ń ha ilẹ̀ lóòótọ́. Ó jẹ́ kí n wọlé, ṣùgbọ́n ó dúró lé mi lórí. Tí mo bá mú síkúrù, á wo síkúrù. Tí mo bá mú ìfági, á wo ìfági. Èmi náà ń wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bóyá aago wà níbẹ̀. A jọ ń ṣọ́ ara wa ni.

Ìyá náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó wò mí títí, ó ní, "Ìwọ ò ga tó èkejì."

Mo ní, "Èkejì wo, màmá?"

"Èyí tó wá lójú àlá."

Ọmọ rẹ̀ ní, "Màámi, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀." Ó wá ń ṣàlàyé fún mi, ó jọ pé ojú ń tì í. Ìyá yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn. Ọrùn ọwọ́ méjèèjì kán. Ilé ìwòsàn fi sìmẹ́ǹtì funfun di ọwọ́ náà dé ìgúnpá, kò pẹ́ tí wọ́n tú u. Oògùn ìrora tí wọ́n fún un le, ó ń sùn lọ́sàn-án, ó ń lálàá, ó ń sọ àlá bí ẹni pé ó ṣẹlẹ̀.

Mo dá iṣẹ́ dúró. Mo ní kí ìyá sọ àlá náà fún mi.

Ó ní ọkùnrin gíga kan kanlẹ̀kùn. Ẹni tó ń tọ́jú òun ti lọ ra ọṣẹ, kò ti ilẹ̀kùn. Òun ní kí ọkùnrin náà wọlé. Aago bàbá ọmọ òun ló gbé wá. Ó gbé e lé àpótí ìjókòó, ó ya á ní fọ́tò, ó ní kí òun fọwọ́ sí i.

"Mo ní, 'Ọmọ mi, ọwọ́ dà?' Mo na sìmẹ́ǹtì méjèèjì sí i. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ẹ̀rọ rẹ̀. Ó dúró pẹ́. Ó ti gbé páálí, ó fẹ́ máa lọ. Ni mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní, má gbé bàbá lọ mọ́."

Ó ní òun ò fọkàn tán ẹni tó ń tọ́jú òun, ojú ọmọ náà yára jù. Òun wá ní kí ọkùnrin náà bá òun gbé e sí ibi gíga, kó má sọ fún ẹ̀dá kankan. Ọkùnrin náà ní kò sí ẹni tó máa gbọ́ ọ lẹ́nu òun.

Mo ní, "Ibi gíga wo, màmá?"

"Orí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ. Lẹ́yìn báàgì."

Mo bi ọmọ rẹ̀ bóyá ó ti wo ibẹ̀. Ó ní òun wo gbogbo ilé. Òun wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òun tú àpò ẹni tó ń tọ́jú wọn. Mo ní orí kọ́bọ́ọ̀dù ńkọ́. Ó yí ojú sí yàrá ìyá rẹ̀. Ta ló ń gun àga nítorí àlá?

Mo dìde. Ó ní n kò gbọdọ̀ wọ yàrá ìyá òun. Mo ní ó dáa, kí òun fúnra rẹ̀ gùn ún. Ó gbé àga, ó gùn ún, ó sún báàgì. Eruku dà sí i lójú. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, mo rí ìwé pupa náà kó tó mú un. Ó mú un dání, kò sọ̀ kalẹ̀ lórí àga.

Ìyá sọ̀rọ̀ láti inú pálọ̀, ó ní, "Àṣé kì í ṣe àlá." Lẹ́yìn náà ó ní, "Èyí tó ga yẹn dà?"

Mo sọ fún wọn. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni, mo ní ó ti kú, mo sọ ohun tí wọ́n ń pè é kó tó kú.

Ìyá na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ń wò wọ́n. Ọmọ rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní òun lé ẹni tó ń tọ́jú wọn lọ nítorí aago yìí, òun pè é lólè lójú gbogbo ará ilé. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Oògùn yẹn ti ṣe wá léṣe, àwọn lọ́tọ̀, èmi lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ṣàánú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo ní kó lọ mú bírò wá.

Ó kọ ọ́ pé aago wọ ilé àwọn ní ọjọ́ báyìí, ìyá òun wà níbẹ̀, aago náà kò kúrò nílé láti ọjọ́ náà. Ìyá fọwọ́ sí i. Ó pẹ́ lórí rẹ̀.

Ọ̀gá ibùdó gbé ìwé náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ iná, ó ń wò ó bóyá èmi ni mo kọ ọ́. Ó mú fóònù. Mo ní, "Ìyá ni kẹ́ ẹ bi lọ́tẹ̀ yìí, sà." Ó bi ìyá. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ó ní ó dáa, òun á kọ ọ́ pé wọ́n ti rí aago. Mo ní kò sọ nù, kí wọ́n má kọ pé wọ́n rí i. Kó kọ ọ́ pé ẹ̀gbọ́n mi gbé e dé.

Ó ní, "Òfin ni òfin. Ó fi ìwé pupa sílẹ̀ láìgba ìfọwọ́sí."

Mo ní, "Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́, sà?"

Ó ní òun á gbé e padà, òun á tún gbé e lọ lọ́jọ́ kejì. Mo ní ṣé ọwọ́ á ti jinná lọ́jọ́ kejì. Ó wò mí bí ẹni pé mo dẹ pàkúté fún òun.

Mo ti rò ó látìgbà náà. Òfin yẹn dára fún ẹni tó ní ọwọ́ tó lè fi kọ̀wé. Ẹni tí kò bá ní, ó yẹ kí awakọ̀ lè fi í sílẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n kó fóònù ibùdó níbẹ̀, kí wọ́n gbọ́ ohùn onílé, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò fóònù ẹnikẹ́ni. Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn. Mi ò bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Ọ̀gá kọ ìlà méjì, ó lu òǹtẹ̀. Ìlà kìíní: kò jalè. Ìlà kejì: ó rú òfin. Ó rò pé n óò bá òun jà lórí ìkejì. Mi ò jà.

Ìyá mi kò mọ̀wé. Mo fi ìka tọ ìlà méjèèjì, mo kà á fún un. Kò sunkún. Ó ní kí ló fà á tó fi rú òfin. Mo sọ ti sìmẹ́ǹtì fún un, mo sọ bí ìyá yẹn ṣe bẹ̀ ẹ́.

Ó ní, "O ní ó dúró pẹ́?"

Mo ní, "Ìyá yẹn ní ó pẹ́, mà."

"Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà lè kó bá òun, nígbà náà."

"Ó mọ̀, mà."

Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi. Ó ní kí n tún ìlà kejì kà.