Obìnrin Oníṣu Ara Owó Idẹ

Mo kéré nígbà náà, ẹ̀yin ọmọ mi, eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ hù padà ni, nígbà tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ba bàbá bàbá mi lọ́kàn jẹ́ ní Kambolé, ìlú wa.

Owó idẹ mẹ́fà ló ní nínú àpò awọ. Ọ̀nà Mẹ́kà ló ti rí èyí àkọ́kọ́, ó ra ìyókù lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Haúsá ní Sokodé. Owó àwọn ará Rúùmù ayé àtijọ́ ni, àwọn tí Kùránì dárúkọ. Bí a bá kírun Jímọ̀ tán, yóò tẹ́ wọn sórí ẹní, yóò máa túmọ̀ àwòrán ara wọn fún wa: ọba tó fi ewé ṣe adé, ẹyẹ idì, àti obìnrin kan tó gbé iṣu ńlá lápá. Àgbẹ̀ ni wá, kí ni à bá tún pè é? Ojú bàbá àgbà yìí ti ń ṣú, àtàǹpàkò ló fi ń dá wọn mọ̀.

Iléyá ku ọ̀la, àwa ọmọbìnrin ń fi eérú àti iyanrìn fọ gbogbo ohun tó bá jẹ́ irin nínú ilé, bí ìṣe wa. Bàbá lọ sí Tchamba. Mo rí àpò náà, mo ní kí n ṣe bàbá lóore. Mo fọ àwọn owó náà títí àwọ̀ ewé ara wọn fi ṣí. Ìyá mi wọlé, ó káwọ́ lérí: “Yéè! O ti pa àwòrán wọn rẹ́!” Bí àwòrán bá parẹ́, kí ni bàbá yóò tún máa fọwọ́ rí?

Nígbà tí bàbá dé, mo kúnlẹ̀, mo fẹkún jẹ́wọ́. Ó mú owó obìnrin oníṣu, ó fi àtàǹpàkò yẹ̀ ẹ́ wò, ó dúró, ó tún yẹ̀ ẹ́ wò. Àfi bó ṣe bú sẹ́rìn-ín.

“Òṣùwọ̀n ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì! Ìdọ̀tí ló ti bò ó. Ẹ forí jì mí, ìdajì ìtumọ̀ ni mo ti ń sọ fún yín. Ẹni tí Ọlọ́run fún níṣu, kó má fi òṣùwọ̀n rẹ́ni jẹ.”

Mo mí kanlẹ̀. Àṣé n ó jẹ ẹran Iléyá náà!

Ayé ti yí. Lọ́dún yìí, ọmọ ọmọ mi ní Sokodé fi fóònù ya àwòrán owó tí bàbá fi sílẹ̀ fún mi, kíá ló ti mọ gbogbo rẹ̀. Ó ní ìwo tó kún fún èso ni obìnrin náà gbé, kì í ṣe iṣu. “Ah non, Màmá! Wọn kì í fọ owó àtijọ́, ẹ ti bà á jẹ́.” Mo rẹ́rìn-ín, n kò bá a jiyàn. Ojú tèmi náà ti ń ṣú báyìí, àtàǹpàkò ni mo fi ń wá òṣùwọ̀n yẹn. Alihamudulilahi, ó wà níbẹ̀, òun àti iṣu.