Ìbéèrè Tí Fáfúnkẹ́ Pa Tì

Ọdún kẹrìndínlógún rèé tí Fáfúnkẹ́ Ọ̀ṣúnkúnlé ti ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìlera ìjọba ìbílẹ̀ ní Èjìgbò. Bí àrùn bá yọjú lábúlé kan, òun ni wọ́n ń rán lọ kìlọ̀ fún ará ìlú, kó sì fún àwọn ọmọdé lábẹ́rẹ́ àjẹsára. Kúlà abẹ́rẹ́ a wà léjìká, ṣọ́ọ̀kì a wà lápò, nítorí ilé tó bá ti parí, yóò fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára ògiri rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀kì yẹn ló bà á nínú jẹ́ lọ́dún tó kọjá. Ó bi ìyá àgbà kan ní Isundunrin pé, "Ọmọ mélòó ló wà nílé yìí, mà?" Ìyá ní mẹ́ta. Fáfúnkẹ́ gún mẹ́ta lábẹ́rẹ́, ó sàmì, ó gun ọ̀kadà lọ. Ọmọ kẹrin wà níyàrá. Kò pé oṣù méjì tí èéyi fi kọlu ọmọ náà. Orí ló kó o yọ, àmọ́ ojú ọ̀tún rẹ̀ kò ríran mọ́. Fáfúnkẹ́ sunkún bí ẹni ń ṣọ̀fọ̀.

Àwọn kan níbi iṣẹ́ ní irọ́ ni ìyá náà pa. Irọ́ kẹ̀? Ta ni kò mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ? Fáfúnkẹ́ tí wọ́n bí sí Èjìgbò ló yẹ kó mọ̀ jù wọ́n lọ, òun náà sì gbà bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún yìí, èéyi tún yọjú nítòsí Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Fáfúnkẹ́ dé ilé Ìyá Bàrákátù, arúgbó tó ń tọ́ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, nítorí àwọn òbí wọn ń ṣòwò ní Àbíjàn. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ilé o, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi oríkì pe àwọn ọmọ yín, kí n gbọ́."

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ yìí mọ ohun tó dùn mọ́ arúgbó. Àṣàkẹ́! Àjàní! Àbẹ̀kẹ́!"

Wọ́n ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gba abẹ́rẹ́, wọ́n ń figbe ta. Lẹ́yìn Àbẹ̀kẹ́, ìyá kò pe ẹnikẹ́ni mọ́. Fáfúnkẹ́ mú ṣọ́ọ̀kì jáde, àmọ́ ó rántí ọmọ kẹrin ti Isundunrin, kò sì sàmì.

"Ṣé kò sí ọmọ tí inú ẹ̀ máa bàjẹ́ pé ẹ ò pe òun, mà?"

Ìyá wolẹ̀. "Najeem wà níbẹ̀. Àmọ́ àlejò nìyẹn. Ìyá ẹ̀ ń bọ̀ wá mú un padà sí Àbíjàn lóṣù tó ń bọ̀."

"Èéyi ò mọ àlejò yàtọ̀ sí onílé o, mà."

Ìyá wo àwọn yòókù tí wọ́n ń nu omijé. Ó wá gbóhùn sókè. "Àkànní o! Àkànní, ọkọ mi, máa bọ̀!"

Ọmọ ọdún méjì kan yọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, bùrẹ́dì lọ́wọ́, ó fi èdè Faransé jẹ́ ìyá lóhùn. "Wí, Màmá!"

Inú Fáfúnkẹ́ dùn. Ó gún Najeem, ó gbé e jó títí ẹkún fi dá, ó wá sàmì sára ògiri. Bó ṣe ń gbé kúlà kọ́jìká, ìyá pè é padà.

"Ìwọ ńkọ́? Kí loríkì tìẹ?"

"Àníkẹ́ ni, mà."

"Àníkẹ́ o!" Ìyá na ọwọ́, ó fọwọ́ kan orí rẹ̀. "Ó dáa. Àwọn ọmọ mi pé wàyí."